Yàrá Tí Kò Ní Bẹ́ẹ̀dì ní Fìdítì

Àpólò ló jẹ́ kí n rí yàrá náà. Bí kì í bá ṣe pé ojú mi wú lọ́sẹ̀ yẹn, tí ó sì pọ́n fòò, bóyá ni n bá fi mọ ibi tí àwọn obìnrin tí ọkọ ń nà máa ń sá sí ní Fìdítì.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe nígbà náà. Àwọn ológun ṣì wà lórí oyè, epo mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, owó oṣù wa sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Àṣẹ kan wá láti òkè sí ọ́fíìsì wa ní Ìbàdàn pé kí a ka gbogbo ilé ààbò tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn ilé tí obìnrin tí ọkọ ń lù lè sá wọ̀, kí ó rí ibi sùn, kí ó sì rí nǹkan fi sẹ́nu. Wọ́n pín wa káàkiri. Èmi ni wọ́n fún ní àwọn ìlú Afijió, láti Ìlọrà títí dé Fìdítì. Ọ̀gá mi ní nítorí pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, àwọn èèyàn ibẹ̀ á tètè dá mi lóhùn. Ọ̀gá mi kò mọ̀ wá rárá.

Ní Ìlọrà, àwọn bàbá tí mo lọ bá fún mi ní àga, wọ́n fún mi lómi, wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀kan nínú wọn wá tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa.

"Ọmọ wa," ó ní, "ta ló sọ fún ìjọba pé à ń na ìyàwó níbí?"

Mo ní ẹnì kankan kò sọ bẹ́ẹ̀, pé gbogbo ìlú la ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn, àwọn tó láriwo. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, mo kọ òdo sílẹ̀, mo sì dìde.

Ní Àwẹ́, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wàásù fún mi. Ó wàásù lórí sùúrù nínú ìgbéyàwó, fún èmi tí n kò tíì lọ́kọ, títí ebi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Ní Ìmínì, àwọn obìnrin tó kù nílé ní kí n dúró de àwọn ọkọ àwọn láti oko, pé àwọn ọkọ ni yóò sọ bóyá wọ́n ń na àwọn tàbí wọn kì í na àwọn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Inú ń bí mi débi pé mo fẹsẹ̀ rìn dé títì kí n tó rántí pé mo fi agbòòrùn mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. N kò padà lọ mú un. Ìyá mi máa ń sọ pé ìbínú mi ni yóò kọ́kọ́ wọ ilé ọkọ, kí èmi tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù.

Nígbà tí n óò fi dé Fìdítì, àpólò ti gbé mi dè. Ẹni tó bá ti ní in rí mọ̀ ọ́n: ojú á wú, á máa ṣomi, á sì dà bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i. Mo ra awò ojú dúdú kan lọ́nà, mo fi bò ó. Mo sọ̀ kalẹ̀ létí títì níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún àwọn èrò ọkọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìtìjú tí ojú mi ti rí, n kò lè gbóhùn sókè mọ́. Mo tẹ̀ sí etí obìnrin kan tó ń bó ọsàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, níbo ni obìnrin tí ọkọ bá nà máa ń sá sí ní ìlú yìí?"

Obìnrin náà wo awò ojú mi. Ó wo àpò aṣọ tí mo gbé dání. Ó nawọ́, ó rọra gbé awò náà sókè, ó sì rí ojú mi.

"Yéè! Ọmọ ọlọ́mọ! Ọlọ́run ló máa dá a lẹ́jọ́!"

"Rárá, mà, ẹ gbọ́ mi ná, kì í ṣe pé wọ́n..."

"Dákẹ́. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ nìyẹn. O ṣubú ní balùwẹ̀ ni, àbí?"

Ó fi ọbẹ lélẹ̀. Ó ní kí ẹni tó jókòó tì í bá òun wo ọjà òun, ó já àpò gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó fún mi ní ọsàn tó ti bó, ó sì kọjú sí àárín ìlú. Bí a ṣe ń lọ ló ń ṣépè fún ọkọ mi. Ó ní ọwọ́ tó fi nà mí kò ní ṣe é fi fọ ojú. Ó ní kò ní rí ẹni tí yóò bu omi fún un mu lọ́jọ́ ogbó. Kò fún mi láyè kí n la ẹnu, nígbà tó sì yá, àánú ọkọ tí n kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí.

Ilé alámọ̀ ńlá kan la dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn. Yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà la wọ̀. Ìyá àgbà kan jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ lórí ẹní, tẹ̀súbà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ìyálé gbogbo ilé náà, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó bọ́ awò ojú mi, ó gbé àgbọ̀n mi sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò mí lápá ọ̀tún, ó wò mí lápá òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tẹ̀súbà fi bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àpólò ni! Ẹ̀yin ọmọ yìí, àpólò lẹ gbé wá bá mi!"

Ojú ti ọlọ́sàn. Ó ní kí n dá ọsàn òun padà. Mo ti jẹ ẹ́ tán.

Mo wá sọ iṣẹ́ tí mo bá wá. Mo rò pé wọn yóò lé mi jáde, nítorí kò sí ẹni tí yóò mú òṣìṣẹ́ ìjọba dé yàrá yẹn bí ó bá mọ̀. Ìyá àgbà kàn ní kí n jókòó, pé ẹni tí ojú ń dùn kì í ṣe ẹni tí òun ń lé. Ó yíjú sí igun yàrá.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ẹlòmíì wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, kò lè ju mí lọ. Ọmọ ọwọ́ kan ń mu ọmú lára rẹ̀. Etè rẹ̀ ti bẹ́, ó sì jókòó bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀yìn òun kan ògiri.

"Ìyàwó," ìyá àgbà ní, "bá mi wo ojú ọmọ yìí."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ fún ìyá. Ó ní kí n wá gbórí lé òun nítan. Ó fi ìka méjì la ojú mi, ó sì fún ọmú rẹ̀ sí i, ọ̀tún kọ́kọ́, òsì tẹ̀ lé e. Wàrà náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní kí n má ṣẹ́jú. Èmi tí wọ́n rán wá ka àwọn tí ìyà ń jẹ, orí ẹsẹ̀ ẹni tí ìyà jẹ ni mo sùn sí bí ọmọ ọwọ́, tí ó ń tọ́jú mi. Ọkàn mi rọ̀ pátápátá. N kò tíì gbàgbé ọwọ́ yẹn títí dòní.

Nígbà tí ojú mi là díẹ̀, mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn ìbéèrè tí ọ́fíìsì kọ fún mi.

"Ìyá, ẹ̀ṣọ́ mélòó ló wà nílé yìí?"

Ó ní kò sí ẹ̀ṣọ́. Kò sí ọkùnrin tó ń wọ yàrá òun ni. Ọmọ òun tó jẹ́ baálé ilé pàápàá, ẹnu ọ̀nà ló ti ń dọ̀bálẹ̀ kí òun. Ọkọ tó bá ń wá ìyàwó rẹ̀ kò lè kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé ni yóò dìde sí i.

"Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

"Ẹní ló wà."

"Tó bá di ọdún kan, obìnrin mélòó ló máa ń wá?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣé iṣu ni wọ́n, tí n óò fi máa kà wọ́n? Kọ ọ́ pé wọ́n ń wá."

Mo ní ọ̀gá mi kò ní gba ìyẹn. Ó ní kí n ní kí ọ̀gá mi wá. Mo wá béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn, pé báwo ni wọ́n ṣe ń kúrò níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wá mú obìnrin padà kò gbọdọ̀ tíì bẹ̀bẹ̀. Ìyá ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ tó jẹ́ obìnrin ni yóò wá. Omi gbígbóná yóò wà lórí iná. Ẹni tó wá yẹn ni yóò fi aṣọ tẹ ibi tí wọ́n ti nà án, yóò tẹ̀ ẹ́ títí dé òpin pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó la ẹnu. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà sọ tirẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀ nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ìlọrà ló ti wá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ nà án lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ sá lọ sílé bàbá rẹ̀, bàbá sì ní òun kò fẹ́ dálémoṣú nínú ilé òun, kí ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ìyá kan nínú ọkọ̀ ló júwe Fìdítì fún un. Ọmọ ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló gbé sá. Ó ní ọmọ obìnrin kan sí i, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀rọ̀ sọ dáadáa, tó máa ń sùn sí yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

"N óò padà lọ́la," ó ní.

"Sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe ọ́ báyìí?"

"Sọ́dọ̀ ọmọ mi. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni lójú wọn. Tí n bá jókòó síbí, wọn ò ní jẹ́ kí n fojú kàn án mọ́. Ó ti ń béèrè mi, mo mọ̀ ọ́n. Òun kì í sùn bí kò bá kọ́kọ́ bá mi jà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, etè rẹ̀ sì tún ṣẹ̀jẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ rẹ̀, tí ìyá àgbà ti ránṣẹ́ sí, dé. Obìnrin gíga ni, ó wé gèlè funfun bí àwọn ìyá ìjọ ṣe máa ń wé e, ó sì gbé àpò lápá. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé ọmọkùnrin rẹ̀ yìí ló ń gbé. Ó kí ìyá àgbà, ó kí èmi náà, ó sì kúnlẹ̀.

"A wá bẹ̀ yín ni, mà. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya..."

"Ẹ káàbọ̀," ìyá àgbà ní. "Omi wà lórí iná."

Nígbà tí wọ́n sọ ohun tó máa ṣe fún un, ó dìde dúró. "Èmi? Èmi ni n óò máa tẹ ẹ̀yìn ìyàwó ọmọ mi?"

"Ta ló tẹ ikùn rẹ̀ nígbà tó bí ọmọ ọwọ́ yìí?"

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè. Ìyàwó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì bọ́ aṣọ. Mo fẹ́ jáde, ìyá àgbà ní kí n jókòó, pé ṣebí ìjọba ló ní kí n wá wò ó.

Bí a bá ń fi omi gbígbóná tẹ èèyàn, ojú kan kò ṣe é fò. Ìyá ọkọ bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Ó kọ́kọ́ ń ṣe é kíákíá, bí ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ tán. "Pẹ̀lẹ́," ló ń sọ, "pẹ̀lẹ́, ìyàwó, yóò san." Ó dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Orí ìgbànú ti wọ ara níbẹ̀. Irin rẹ̀ ti tẹ àmì kan sára, igun mẹ́rin, ìràwọ̀ láàárín, ó hàn ketekete bí ẹni pé wọ́n fi lù ú lóǹtẹ̀. Ó fi ìka kan tọ́ igun rẹ̀ yí ká. Omi ń kán sílẹ̀ láti ara aṣọ.

"Ìgbànú bàbá rẹ̀ ni," ó ní.

Kò sí ẹni tó bi í léèrè bó ṣe mọ̀.

"Sójà ni bàbá rẹ̀. Èmi ni mo fún un ní ìgbànú yìí. Lọ́jọ́ tí a pín ẹrù òkú, mo ní àkọ́bí ló ni ín. Mo fi epo pa á kó lè máa dán, mo ká a, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́."

Ó tún ki aṣọ bọ inú omi, ó fún un, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Omi ojú ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ìyàwó kò mọ̀, nítorí ẹ̀yìn ló kọ sí i. Ó ní, "Mà, omi yín ti ń tutù." Obìnrin náà ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi." Ó tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Ó bá a wọ aṣọ rẹ̀ padà, bí a ṣe ń wọṣọ fún ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó mú aago rẹ̀ àti àpò rẹ̀, ó kí ìyá àgbà, ó sì jáde. Kò bẹ̀bẹ̀. Kò sọ pé kí ìyàwó padà wálé, kò sì sọ pé kí ó má padà.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ ni ìyàwó figbe ta. "Ó ti bínú lọ! Ẹ ti dójú tì í, ẹ̀yin náà! Wọn ò ní fún mi lọ́mọ mi mọ́ láéláé!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkísà ọmọ rẹ̀ jọ. Mo dìde sí i. Mo ní ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni, mo ní ọkùnrin yẹn máa pa á, mo ní nígbà tó bá kú, ta ni yóò wo ọmọ náà. Gbogbo ẹnu mi ni mo lò. Ó fi mí sílẹ̀ títí mo fi rọ̀.

"Ìwọ ò tíì bímọ," ó ní, ó sì ń ká àkísà rẹ̀ lọ.

Mo yíjú sí ìyá àgbà pé kí wọ́n dá a dúró. Ó ní yàrá òun kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, ẹni tó bá fẹ́ lọ á lọ. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Èmi náà sùn síbẹ̀, nítorí kò sí ọkọ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́ mọ́ nírọ̀lẹ́ náà, epo tún ti wọ́n. Ọmọ ọwọ́ yẹn sùn sáàárín àwa méjèèjì.

Kí n tó dé orí àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ́fíìsì, kí n lè gbé e jù sẹ́yìn. Mo kọ gbogbo ohun tí mo rí sílẹ̀: yàrá, ẹní, omi gbígbóná. Ọ̀gá mi kà á, ó ní ìtàn ni mo kọ wá. Ó ní ibi tí kò bá ní bẹ́ẹ̀dì, tí kò ní ẹ̀ṣọ́, tí wọn kò sì lè sọ iye èèyàn tó ń wọ̀ ọ́ kì í ṣe ilé ààbò, òkè kò ní gbà á. Mo bá a jà débi pé wọ́n ń yọjú láti ọ́fíìsì kejì. Ó fa ìlà gbọọrọ kan sórí ohun tí mo kọ, ó sì kọ òdo sí iwájú gbogbo Afijió. Bí ó ṣe lọ sókè nìyẹn. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí.

Ó di àárọ̀. Ìyá àgbà ti kírun àsùbá tán. Ìyàwó ti wẹ̀, ó ti pọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú aṣọ ìpèlé. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Ìyá àgbà gbàdúrà fún un. Èmi ni n óò sìn ín dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀ Ìlọrà. N kò bá a sọ̀rọ̀, ìbínú ṣì wà nínú mi, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀ jù. A rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà já, a sì bọ́ sí ìta.

Obìnrin kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán láti ọ̀nà títì. Kò wé gèlè. Ó ru àpótí aṣọ kan lórí, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ nítorí ohun tó pọ̀n sẹ́yìn. Ìyá ọkọ ni. Ọmọ tó pọ̀n ti tó ọmọ tí kì í ṣe é pọ̀n mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gùn jáde nínú ọ̀já, ó ń fì. Orí rẹ̀ sùn sí ẹ̀yìn ìyá bàbá rẹ̀.

Ìyàwó jẹ́ kí ẹrù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" obìnrin náà bi í. Kò rí èémí mí dáadáa.

"Mò ń bọ̀ nílé ni, mà."

"Ilé wo?" Ó sọ àpótí kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó sì tú ọ̀já. "Gbà á. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni mo wọ̀. Bàbá rẹ̀ ṣì ń sùn nígbà tí mo gbé e. Aṣọ rẹ àti aṣọ wọn wà nínú àpótí yìí, èyí tí apá mi ká."

Ìyàwó gba ọmọ náà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà. Ọmọ náà la ojú, ó wò ó, ó sì fọ́ ọ létí. Ó ní, "O ò wá sùn." Ẹkún gbà mí lẹ́nu, èmi tí n kò bí wọn.

Ìyá àgbà ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọkọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, àgbà méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ṣé àyè kan ṣì kù fún mi nínú yàrá yín? Mo ti jí ọmọ gbé nílé ọmọ mi. N kò níbi tí n óò padà sí."

Ìyá àgbà dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á dìde, ó sì ní kí n wọlé lọ tẹ́ ẹní.